Ta Ló Rán Àìsàn Iṣan?

  

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ìyá tí ó kọ ọ́ kò fi orúkọ sí i, n kò sì wá orúkọ náà. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, a máa ṣubú lójijì, ojú rẹ̀ a yí sókè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa jà, itọ́ a sì máa hó lẹ́nu rẹ̀. Àwọn kan sọ fún un pé àìsàn iṣan ni. Àwọn mìíràn ní wárápá ni. Ní ilé àdúrà kan, wọ́n sọ fún un pé ìyá ọkọ rẹ̀ tí ó wà nílé ní Èkìtì ló rán an. Láti ìgbà náà, ọdún méjì gbáko, kò padà sílé fún ọdún Kérésìmesì mọ́, èlùbọ́ tí ìyá àgbà fi ránṣẹ́ sì wà lórí àjà títí kòkòrò fi jẹ ẹ́. Ìbéèrè méjì ló bi mí. Ó ní: Fáda, irú àìsàn wo ni èyí, ta sì ni ó rán an?

Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè méjèèjì lónìí. Kì í ṣe pé mo jẹ́ dókítà. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn aláìsàn jókòó, mo sì ti bi àwọn dókítà léèrè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn mìíràn nínú wọn fi ń sá fún mi.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ náà gan-an, iṣan. Èdè wa lọ́rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n níbí yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi ń pe nǹkan mẹ́ta. Iṣan ni ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú ara. Iṣan náà ni okùn líle tí ó so ẹran mọ́ egungun, èyí tí ó máa ń há sí wa léyín bí a bá ń jẹ ẹsẹ̀ màlúù. Iṣan náà tún ni fọ́nrán funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń gbé ìmọ̀lára àti àṣẹ káàkiri ara. Ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún dókítà pé iṣan ń da òun láàmú, dókítà ní láti tún bi í pé èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́, ẹ rántí ààfin ọba láyé àtijọ́. Ọba kì í jáde káàkiri. Inú ààfin ló ń jókòó sí, bẹ́ẹ̀ náà ni ọpọlọ jókòó sínú agbárí. Òpópónà kan jáde láti ààfin, èyí ni okùn mùdùnmúdùn tí ó gba inú ògóóró ẹ̀yìn kọjá. Láti ara òpópónà yìí ni ipa ọ̀nà kéékèèké ti yà lọ sí gbogbo abúlé, títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Àwọn ìlàrí ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Èyí ń gbé àṣẹ ọba lọ pé kí ọwọ́ gbé ife omi, èyí ń mú ìròyìn bọ̀ pé ẹyin iná ń jó àtẹ́lẹsẹ̀. Àìsàn lè bá ọba nínú ààfin, ó lè dí òpópónà, ó sì lè ba ọ̀nà abúlé kan ṣoṣo jẹ́. Ibi tí ó bá ti ṣẹlẹ̀ ni yóò sọ irú àìsàn tí a ó rí. Bí ó bá jẹ́ ààfin, èèyàn lè dákú, ó lè máa ṣarán, ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ sì lè kú. Bí òpópónà bá já, láti ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ni ẹ̀gbà yóò mú. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà abúlé, ẹsẹ̀ lè kú, tàbí kí ó máa ta bí ẹni pé ata wà lára rẹ̀.

Kí ni ó wá ń ba àwọn ọ̀nà wọ̀nyí jẹ́? Ohun púpọ̀ ni. Kòkòrò àrùn wà nínú wọn. Tẹ́tánọ́ọ̀sì, tí í máa ti èèyàn lẹ́nu pa tí í sì í tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ọrun, ojú ọgbẹ́ tàbí ìwọ́ ọmọ tuntun tí wọ́n fi abẹ ìdọ̀tí gé ló ń gbà wọlé. Yírunyírun, tí ń mú ọrùn le, ara awọ tí ó bo ọpọlọ ló máa ń mú. Dìgbòlugi, ẹnu ajá tí ó gé èèyàn jẹ ló ti ń wá, ẹni tí kò bá sì tètè gba abẹ́rẹ́ kí àmì àìsàn náà tó hàn, kò sí ohun tí dókítà lè ṣe mọ́. Àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ń bẹ pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní 40 ọdún mọ ẹnìkan ní kíláàsì yín tí ń fi ọ̀pá rìn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé ojúlówó kòkòrò rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà. Kì í ṣe ẹbọ ni ó lé e lọ. Ẹ̀kán oògùn méjì lórí ahọ́n ọmọ ni, lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí ń gbé àpótí yìnyín kiri láti ojúlé dé ojúlé, tí a sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ nígbà mìíràn.

Àrùn ẹ̀tẹ̀ ni ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu bí mo bá kà á mọ́ àìsàn iṣan. Ẹ̀yin tí ẹ ti bẹ àwọn ará wa wò ní Ossiomo, ní ìpínlẹ̀ Edo wa níbí, ẹ lè rò pé awọ ara nìkan ni ó ń bàjẹ́. Rárá o. Kòkòrò tí Hansen, dókítà ọmọ ilẹ̀ Norway, rí ní ọdún 1873, inú iṣan ìmọ̀lára ló fẹ́ràn láti máa gbé. Ó ń pa àwọn ìlàrí tí ń mú ìròyìn ìrora bọ̀ wá sílé. Nítorí náà ni aláìsàn fi lè gbé ìkòkò gbígbóná láìmọ̀, tí ìṣó sì lè wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Egbò tí kò dun èèyàn ni ó ń jẹ ìka run. Láti ọdún 1995 ni wọ́n ti ń fún àwọn aláìsàn ní oògùn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri ayé, oṣù 6 tàbí oṣù 12 sì ni wọ́n ń lò ó.

Ẹ̀jẹ̀ náà lè fa àìsàn ọpọlọ. N kò ní pẹ́ lórí rọpárọsẹ̀, nítorí a ti sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru rí lórí ètò yìí. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, bí ẹnu ẹnìkan bá ṣàdédé wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá kan kọ̀ láti gbéra, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń lọ́, ẹ wo aago, kí ẹ sì máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn tí ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni wọ́n lè fún un, níbi tí wọ́n bá ní in. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wákàtí mẹ́rin àbọ̀ náà tán sí orí ẹní àdúrà. Bí ẹ bá ránṣẹ́ sí mi, n óò bá yín ní ilé ìwòsàn.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ, nítorí pé ilẹ̀ Yorùbá gan-an ni wọ́n ti rí òmíràn nínú ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nípa rẹ̀.

Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì, ni ó ṣe iṣẹ́ náà jù. UCH ní Ìbàdàn ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ní àwọn ọdún 1960, ó rí àwọn aláìsàn tí ẹsẹ̀ wọn ń jó wọn, tí wọ́n ń rìn tàgétàgé bí ẹni mu ẹmu yó, tí etí wọn ń di, tí ojú wọn sì ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ tálákà tí kì í jẹ nǹkan mìíràn bí kò ṣe gbáàgúdá, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó tọ̀ wọ́n lọ sí ilé wọn ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, ó sì tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 1968 tí àwọn dókítà ilẹ̀ òkèèrè kà. Ohun tí ó fura sí ni oró kan tí ó wà nínú gbáàgúdá, èyí tí à ń pè ní cyanide. Ara wa ní ọgbọ́n tí ó fi ń tú oró náà ká, ṣùgbọ́n inú ẹja, ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà ni ó ti ń rí ohun tí ó fi ń ṣe é. Ẹni tí kò bá rí ẹja jẹ, oró náà yóò máa bá a gbé.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, àwọn olùwádìí mìíràn lọ sí Ososa nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ìlú olóògbé Hubert Ogunde tí a fẹ́ràn eré rẹ̀. Ní ọdún 2000 ni wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde: nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò níbẹ̀, àwọn 6 nínú 100 ni àìsàn yìí ń ṣe, àwọn obìnrin ni ó sì pọ̀ jù. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún yín pé ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Àwọn kan náà tún wo ìlú mìíràn tí wọ́n ti ń jẹ gbáàgúdá gidigidi, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí àìsàn náà níbẹ̀. Nítorí náà àwọn dókítà ṣì ń jiyàn bóyá cyanide nìkan ni ó fà á. Ìyẹn kò bí mi nínú. Ẹni tí ó bá ń wá òtítọ́ a máa sọ pé ó kù síbì kan. Ẹni tí ó sọ fún ìyá tí ó kọ lẹ́tà sí mi pé ìyá ọkọ rẹ̀ ni, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ó fi mọ̀, kò sì sí iyàn nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n pé gbáàgúdá tí a kò ṣe dáadáa lè ba iṣan jẹ́, kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn. Ní ọdún 1981, ọ̀dá mú ní agbègbè Nampula ní orílẹ̀-èdè Mòsáńbíìkì. Gbáàgúdá kíkorò nìkan ni ó kù nínú oko, ebi kò sì jẹ́ kí wọ́n dúró kí ó gbẹ dáadáa. Ó lé ní 1,000 èèyàn, àwọn ìyá àti àwọn ọmọdé ni ó pọ̀ jù, tí ẹsẹ̀ wọn le gan-an tí wọn kò lè rìn mọ́. Ní ilẹ̀ Kóńgò, konzo ni wọ́n ń pe àrùn náà, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹsẹ̀ tí a fi okùn so. Àwọn ìyá wa tí ń rin gbáàgúdá, tí wọ́n ń fi òkúta tẹ̀ ẹ́ nínú àpò fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó yan án, oró ni wọ́n ń lé lọ bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin olùgbọ́ mi ń ta gàrí. Mo mọ̀ pé owó ọkọ̀ ti wọ́n, àwọn oníbàárà sì ń pariwo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gé ọjọ́ mẹ́ta náà kúrú.

Ti Ìkàrẹ́ ní Àkókó yanilẹ́nu ju èyí lọ. Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń rí i ní àwọn apá ibẹ̀ pé bí òjò bá ti dé, láti oṣù Keje títí dé oṣù Kẹsàn-án, àwọn tí ara wọn le á ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọn á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, orí wọn á dàrú. Àwọn dókítà tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láti ọdún 1958. Ẹ rò ó wò ná: àìsàn tí ń wá ní àkókò kan náà lọ́dọọdún, tí ń mú ẹni tí ó jẹun tán tí ó ń ṣẹ̀rín lọ́wọ́. Ta ni kò ní sọ pé wọ́n ta á lọ́fà ni? Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Dókítà Adamolekun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ ipa rẹ̀ dé inú àwo oúnjẹ. Kòkòrò kan ni, èyí tí ń hun ilé rẹ̀ sórí igi, tí a máa ń fi òwú rẹ̀ hun aṣọ sányán. Àwọn ará ibẹ̀ a máa yan kòkòrò náà jẹ bí ẹran, àkókò òjò sì ni ó máa ń pọ̀. Ó ní èròjà kan nínú tí ń ba fítámìnì B1 jẹ́, iná kì í sì í tètè pa èròjà náà. Ẹni tí fítámìnì náà ti kéré lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ó fi kòkòrò yìí jẹ ẹ̀kọ tàbí ẹ̀bà, ni gbígbọ̀n náà máa ń mú. Wọ́n fún àwọn aláìsàn kan ní fítámìnì B1, wọ́n fún àwọn mìíràn ní hóró tí kò ní oògùn nínú, àwọn tí wọ́n fún ní fítámìnì ni ó sì tètè gbádùn. Ẹ ò rí i pé aṣọ iyì tí a ń wọ̀ ṣe ìgbéyàwó àti ìwárìrì tí ó gbé èèyàn ṣubú, ara kòkòrò kan náà ni wọ́n ti wá.

Ọjọ́ ogbó náà ní tirẹ̀. Àwọn bàbá tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n bí wọ́n bá jókòó jẹ́ẹ́, àti àwọn ìyá tí kò mọ orúkọ ọmọ tí wọ́n bí mọ́, ọpọlọ ni ó ń gbó láìtọ́jọ́. N óò dá ọ̀rọ̀ wọn sí ọjọ́ mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun kan tí yóò dùn mọ́ yín. Láti ọdún 1992 ni Yunifásítì Ìbàdàn àti yunifásítì kan ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn àgbà Yorùbá ní Ìbàdàn àti àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ èsì kan jáde ní ọdún 2001, iye àwọn tí àìsàn ìgbàgbé ń mú lọ́dọọdún ní Ìbàdàn kò tó ìdajì ti Indianapolis. Bí ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa bá sì ń ṣarán, a kò gbọdọ̀ pè é ní àjẹ́ tí ń jẹ́wọ́.

Ó tó àkókò kí n dé orí wárápá, kí n sì dá ìyá tí ó kọ̀wé lóhùn.

Wárápá kì í ṣe wèrè. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí mo mọ àwọn òbí tí kò fẹ́ kí a rí wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn tí ó wà ní Uselu, kí aládùúgbò má bàa sọ pé orí ọmọ wọn ti yí. Nínú wárápá, ńṣe ni àwọn ìlàrí inú ààfin sáré jáde lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ẹni tí ó rán wọn, gbogbo abúlé sì gba àṣẹ tí kò ní ìtumọ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n padà wọlé. Ọmọ náà yóò sùn, yóò jí, kò sì ní mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ohun tí ó ń fà á kì í ṣe ọ̀kan. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ rọbí fún ọjọ́ méjì tí kò sì tètè ké nígbà tí ó wáyé. Ibà tí ó gun orí ọmọdé. Yírunyírun tí a kò tọ́jú. Orí tí ó fọ́ nínú ìjàǹbá ọ̀kadà. Ẹyin aràn ẹlẹ́dẹ̀ tí ó lọ pamọ́ sínú ọpọlọ. Nígbà mìíràn ó wà nínú ìdílé, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, dókítà yóò wá ìdí rẹ̀ títí, kò ní rí i.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun kan náà ka àwọn tí ó ní wárápá ní ìlú méjì ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Ọ̀kan ni Igbó-Ọrà, ìlú tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ ìbejì. Èkejì ni Ayétẹ̀, tí kò jìnnà sí i. Ní Ayétẹ̀, èèyàn 37 nínú 1,000 ni ó ní i. Ní Igbó-Ọrà, èèyàn márùn-ún àti díẹ̀ nínú 1,000 ni. Ìyàtọ̀ náà tó ìlọ́po méje. Àwọn ìlú méjèèjì ń sọ èdè kan náà, wọ́n ń jẹ oúnjẹ kan náà, wọ́n sì jọ ń ná ọjà. Ṣé àwọn àjẹ́ Ayétẹ̀ ni ó pọ̀ tó ìlọ́po méje ti Igbó-Ọrà ni? Ohun tí àwọn olùwádìí náà tọ́ka sí ni pé láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti gbé ètò ìlera kalẹ̀ ní Ìbàràpá, tí Igbó-Ọrà sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀: ìyá aboyún ń rí agbẹ̀bí, ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n sì ń tọ́jú ibà kí ó tó gun orí. Mo ti ro ọ̀rọ̀ ìlú méjì yìí nígbà púpọ̀, pàápàá nígbà tí ẹnìkan bá jókòó níwájú mi tí ó ń dárúkọ ìyá ọkọ tàbí orogún.

Àwọn tí kò gbà máa ń ka ìtàn ọmọkùnrin inú Ìhìnrere Máàkù orí 9 sí mi létí, èyí tí ó máa ń ṣubú sínú iná àti sínú omi. Èmi náà gba ìtàn náà gbọ́, mo sì gbà pé Olúwa wo ọmọ náà sàn. Ṣùgbọ́n ẹ tún un kà. Ohun tí Jésù bi baba náà ni ohun tí gbogbo dókítà máa ń bi òbí: ó ti pẹ́ tó báwo? Kò bi í pé ta ni ọ̀tá rẹ̀. Kò sì rán an padà sílé lọ bá ẹnikẹ́ni jà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ara mi wàyí. Nígbà tí n kò tíì pẹ́ ní ipò àlùfáà, bàbá kan gbé ọmọbìnrin rẹ̀ wá bá mi ní ìjọ kan ní ìgbèríko. Wárápá ni. Mo gbàdúrà fún un, mo fi òróró mímọ́ yà á, mo ní kí wọ́n máa lọ ní àlàáfíà. N kò bi wọ́n bóyá wọ́n ti rí dókítà. Kò sí ibi tí Ìjọ ti kọ́ mi pé òróró rọ́pò oògùn, ṣùgbọ́n mo jẹ́ ọ̀dọ́, inú mi sì dùn pé wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé mi. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ọmọ náà lọ pọn omi lódò, àìsàn rẹ̀ sì dé nígbà tí ó tẹ̀ síwájú omi. Omi náà kò ju orúnkún àgbàlagbà lọ. Èmi ni mo sin ín. Bàbá rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Nítorí náà, ìyá wa, ẹ gbọ́. Bí ó bá tún gbé ọmọ náà, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ tú bọ́tìnì ọrùn rẹ̀, ẹ gbé ohun líle kúrò nítòsí orí rẹ̀. Ẹ má ṣe ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má ṣe ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, mo ti rí àpá irú rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọ mẹ́ta. Ẹ má ṣe fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù, èyí tí wọ́n fi ewé tábà, efinrin àti aáyù sí. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn dókítà ní Ìbàdàn ti kọ̀wé pé ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó máa ń dín èémí rẹ̀ kù, ó sì ti ba ọpọlọ àwọn ọmọ tí gìrì lásán mú jẹ́. Itọ́ tí ń hó lẹ́nu rẹ̀ kì í ràn. Ẹ fọwọ́ kàn án, kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a jẹun nínú àwo kan náà. Bí ó bá lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún tí kò dáwọ́ dúró, ẹ gbé e, ó di ilé ìwòsàn.

Oògùn rẹ̀ wà. Láti ọdún 1912 ni wọ́n ti ń lo èyí tí à ń pè ní phenobarbital, kò sì wọ́n bí àwọn ohun tí ẹ ti rà ní ilé àdúrà. Nínú àwọn 10 tí ó bá ń lo oògùn tí ó bá a mu déédéé, ó lè tó àwọn 7 tí kò ní ṣubú mọ́. Dókítà ni yóò mọ èyí tí ó bá ọmọ yín mu. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ó ń lò ó o, fún ọdún bíi mélòó kan, àní nígbà tí kò bá ṣubú mọ́. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ti ń ṣìṣe: oṣù mẹ́ta kọjá láìsí nǹkan, a ṣe ìdúpẹ́, a ju oògùn nù, ó sì padà pẹ̀lú agbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ ṣe ìdúpẹ́, ẹ má ju oògùn nù.

Ẹ bi mí pé ta ló rán an. N kò rí orúkọ ẹnikẹ́ni tí mo lè fún yín. Ẹ lè rántí bí ìrọbí ọmọ náà ti rí, àti bóyá ibà líle mú un ní kékeré, kí ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà, nítorí yóò bi yín.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ń bọ̀, lẹ́yìn Mísà àárọ̀, n óò wà ní ilé àlùfáà. Ẹ mú ọmọ náà wá, n óò bá yín dé UBTH ní Ugbowo, a ó sì jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí wọn yóò fi pè wá. Ẹ fi nọ́ńbà tẹlifóònù ìyá àgbà ní Èkìtì sínú àpò yín. Bí a bá ń retí dókítà, àyè yóò wà láti pè é.